Pípọ̀ Ọmọ Ẹgbẹ́ Nìkan Kò Tó: Ẹ̀kọ́ Láti Ilé Ìgbìmọ̀ Amẹ́ríkà

Ọ̀rọ̀ wa òní dá lórí bí agbára ti ń bọ́ láti ọwọ́ ẹgbẹ́ kan sí ọwọ́ ẹgbẹ́ kejì ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà.

Ọdún mẹ́rin-mẹ́rin ni wọ́n ń yan Ààrẹ níbẹ̀. Ọdún méjì-méjì ni wọ́n ń yan gbogbo ọmọ Ilé Aṣojú, ọdún mẹ́fà sì ni ti Ilé Àgbà. Nítorí náà, iṣu lè wà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ kan, kí ọ̀bẹ wà lọ́wọ́ èkejì. Nígbà tí Eisenhower, ọmọ ẹgbẹ́ Republican, di Ààrẹ ní 1953, ẹgbẹ́ rẹ̀ ni ó ni ilé méjèèjì; ṣùgbọ́n láti 1955 títí ó fi kúrò ní 1961, ẹgbẹ́ Democrat ni ó pọ̀ jù níbẹ̀. Ẹgbẹ́ Democrat kò sì fi Ilé Aṣojú sílẹ̀ fún ogójì ọdún, títí di 1995, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Ààrẹ márùn-ún láti inú ẹgbẹ́ Republican ni ó jẹ láàárín ìgbà náà.

Ẹnìkan lè bi wá pé, bí ẹgbẹ́ kan bá wá mú iṣu tí ó sì mú ọ̀bẹ ńkọ́? Ṣé ọ̀rọ̀ kò ti bùṣe? Rárá o. Ní 1937, Ààrẹ Roosevelt fẹ́ fi adájọ́ tí ó lè tó 6 kún àwọn 9 tí ń bẹ ní Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ, nítorí pé ilé ẹjọ́ náà ń fagi lé àwọn òfin rẹ̀. Ẹgbẹ́ Democrat tirẹ̀ ni ó ni ju ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin Ilé Àgbà lọ. Síbẹ̀, ìbò 70 sí 20 ni wọ́n fi dá àbá náà padà, ó sì kú síbẹ̀.

Èyí tí ó kan àwa aláwọ̀ dúdú jùlọ ni ti 1964. Ààrẹ Johnson ń fẹ́ òfin tí yóò fi òpin sí yíya dúdú sọ́tọ̀ kúrò lára funfun ní ilé oúnjẹ, ní hòtẹ́ẹ̀lì àti lẹ́nu iṣẹ́. Ọmọ ẹgbẹ́ Democrat ni Ààrẹ, 67 nínú 100 ọmọ Ilé Àgbà sì jẹ́ ti ẹgbẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ni ó wà. Àwọn Democrat ìhà gúúsù, tí Richard Russell ṣáájú, fi àsọọ̀sọtán ọ̀rọ̀ dí òfin náà lọ́nà fún ju oṣù méjì lọ. Ìbò 67 ni ó lè pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Ní ọjọ́ 10 oṣù Òkúdù, ìbò 71 ni ó jáde: 44 láti inú ẹgbẹ́ Ààrẹ, 27 láti inú ẹgbẹ́ alátakò, tí Everett Dirksen jẹ́ olórí wọn. Bí a bá yọ 27 yẹn kúrò, òfin náà ìbá ti kú. Ní ọjọ́ 2 oṣù Agẹmọ, Johnson fọwọ́ sí i.

Ẹ̀yin ará, kí ni a rí kọ́? Pé orúkọ ẹgbẹ́ kì í dìbò nínú ilé ìgbìmọ̀. Ènìyàn ni í dìbò. Nígbà tí a bá fẹ́ yan aṣojú, kí a má ṣe bi í ní ẹgbẹ́ tí ó wà nìkan. Kí a bi í ní ohun tí yóò nawọ́ sí, kí a sì máa ṣọ́ ọwọ́ rẹ̀ nígbà tí ó bá dé ọ̀hún.