Ìwé Dókítà Kì Í Ṣe Ìwé Wèrè

(Ọ̀rọ̀ tí aṣojú òṣìṣẹ́ kan sọ ní ìpàdé ẹ̀ka wa ní Ìlaròó)

 

Ó wà láàárín wa tí ó mọ iṣẹ́ dáadáa, ṣùgbọ́n tí kì í rántí ohun tí a rán an, tí ń pẹ́ dé bó ti wù kó tètè jí, tí ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ mẹ́ta láìparí ọ̀kan. Òmíràn wà tí ariwo ẹ̀rọ ń dà láàmú ju ẹnikẹ́ni lọ, tí àwàdà kì í yé, tí nǹkan ń dàrú mọ́ lójú bí wọ́n bá yí àkókò iṣẹ́ rẹ̀ padà lójijì. Ọ̀lẹ ni a ń pe ti àkọ́kọ́, agbéraga ni a ń pe ìkejì. Kúẹ́rì ń gorí kúẹ́rì.

Àwọn dókítà ní orúkọ fún irú nǹkan báyìí. ADHD ni ti àkọ́kọ́, ọ́tíìsìmù ni ìkejì. Láti kékeré ni wọ́n ti ń bá ènìyàn wá. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń gbàgbé nǹkan ló ní in o, ìdí nìyí tí dókítà fi gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò. Nígbà kan, ọ̀rọ̀ ọmọdé ni wọ́n ka ADHD sí. Ní 1980 ni ìwé àwọn dókítà ọpọlọ ní Amẹ́ríkà gbà pé ó lè ṣẹ́kù sára àgbàlagbà. Ní 2008 ni ìlànà ìtọ́jú rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ka àgbàlagbà mọ́ ọn. Nígbà tí àwa wà nílé ìwé, ẹgba ni wọ́n fi ń wò ó.

Kí wá ni àgbàlagbà fẹ́ fi ìwé dókítà ṣe?

Èkíní, ìfọ̀kànbalẹ̀. Ẹni tí wọ́n ti ń pè ní olódo láti kékeré yóò mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀bi òun, kì í sì í ṣe ọwọ́ ayé.

Èkejì, ìtọ́jú. ADHD ní oògùn tí dókítà lè kọ. Ẹni tí kò mọ ohun tó ń ṣe òun lè máa fi ògógóró tàbí tramadol tọ́jú ara rẹ̀ ní gáréèjì, ẹ sì mọ ohun tí ìyẹn ń fà lójú títì.

Ẹ̀kẹta, ọmọ. Ó máa ń rin ìdílé. Bàbá mìíràn mú ọmọ rẹ̀ lọ, ó wá bá ara rẹ̀ nínú ìbéèrè dókítà.

Ẹ̀kẹrin, iṣẹ́ wa. Òfin 2018 tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní January 2019 sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ìyà jẹ aláàbọ̀ ara nítorí ipò rẹ̀. Ìrònú wà nínú ohun tí òfin náà kà, kì í ṣe ojú àti ẹsẹ̀ nìkan, ó sì dárúkọ ìwé ẹ̀rí. Ilé-iṣẹ́ tó bá rú u lè san ₦1,000,000. Níwájú ìgbìmọ̀ ìbáwí, ẹ̀bẹ̀ nìkan kò tó. Ìwé ni ẹgbẹ́ lè dúró lé lórí láti béèrè pé kí wọ́n máa kọ iṣẹ́ sílẹ̀ fún un, kí àkókò iṣẹ́ rẹ̀ má máa yí, kí wọ́n fún un ní ohun ìbotí.

Ẹ̀rù Arò ń ba àwọn ènìyàn. Ọmọ Abẹ́òkúta ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adéoyè Lambo tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀ ní 1954. Ọ̀dọ̀ àwọn àgbẹ̀ abúlé ni ó fi àwọn aláìsàn wọ̀ sí. Wọ́n ń gba ìtọ́jú lọ́sàn-án, wọ́n ń padà sílé lálẹ́. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ nígbà náà, kí ló dé tí ẹni tó kàn fẹ́ béèrè ọ̀rọ̀ yóò fi sá lónìí? Láti Ayétòrò, Abẹ́òkúta kò jìnnà. Kò sí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ń fi í hàn. Ìgbà èwe ẹni ni dókítà ń béèrè. Ẹ mú ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n yín dání, àti ìwé èsì ilé ìwé bó bá ṣì wà.

Ìwé tó dé lẹ́yìn tí wọ́n ti lé ènìyàn kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ti pẹ́. Ẹ tètè lọ. Kí ẹ tó fi han ọ̀gá, ẹ kọ́kọ́ wá rí aṣojú yín, a ó bò yín láṣìírí. Ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́.

Ìṣọ̀kan ni agbára wa.