Kí Ẹgbẹ́ Àṣà Wa Má Tún Kú sí Ọwọ́ Ẹnì Kan

Ẹ̀yin ará Mówè, Ìbafò àti Ifọ̀, ọ̀rọ̀ tí mo sọ níbi ìpàdé ọ̀dọ́ nìyí. Akọ̀wé ló ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lókè òkun àti ẹ̀yin tí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Long Bridge dá dúró lọ́jọ́ náà lè kà á.

Ẹ rántí ẹgbẹ́ ijó àti eré wa. Ọdún mẹ́ta ló fi ń ṣeré níbi ọjọ́ ìlú, níbi ìkómọ, níbi òkú àgbà. Ẹ̀gbọ́n kan ló ń darí rẹ̀. Òun nìkan ló mọ ẹni tó ń yá wa ní bàtá, òun ló mọ iye tó wọlé, inú fóònù rẹ̀ ni nọ́ńbà gbogbo wa wà. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n rí ọ̀nà lọ sí òkè òkun, kò tó oṣù mẹ́ta tí ẹgbẹ́ fi tú. Ẹ má gbọ́ mi lódì o, kò jí owó ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ ìlú kan fẹ́ fún wa lówó láti ra ìlù, ó béèrè àkáǹtì tó ní orúkọ ẹgbẹ́, ó béèrè rìsíìtì eré tí a ti ṣe, ó béèrè orúkọ ọmọ ẹgbẹ́. A ò rí ọ̀kankan fún un. Owó yẹn gba ibòmíì lọ. Aṣọ òfì mẹ́rìnlá tí a dá, mẹ́fà la ṣì rí.

Àwọn kan sọ fún mi pé, "Kí ni onílù fẹ́ fi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ṣe? Onílù á lù ni." Òótọ́ ni, onílù á lù. Ta ló máa wá bọ́ọ̀sì tó máa gbé e dé Ifọ̀? Ta ló máa bá aláyẹyẹ ṣàdéhùn owó kó tó di pé eré bẹ̀rẹ̀?

Ẹ wo Hubert Ògúńdé, ọmọ Ọ̀ṣọ̀sà, ìpínlẹ̀ Ògùn tiwa níbí. Iṣẹ́ ọlọ́pàá ló fi sílẹ̀ láti máa ṣeré. Ọdún 1945 ló dá ẹgbẹ́ òṣèré rẹ̀ sílẹ̀, ó sì ń darí rẹ̀ títí tó fi kú lọ́dún 1990. Nígbà yẹn, àwọn òbí kì í fẹ́ kí ọmọbìnrin wọn ṣe òṣèré, torí náà Ògúńdé ń fẹ́ àwọn òṣèrébìnrin rẹ̀ níyàwó kí wọ́n má baà fi ẹgbẹ́ sílẹ̀. (Ẹ má rẹ́rìn-ín. Mi ò ní kí alákòóso ẹgbẹ́ wa ṣe bẹ́ẹ̀.) Ọgbọ́n ìṣàkóso nìyẹn, ó sì gbé ẹgbẹ́ yẹn dé ọ̀pọ̀ ìlú, títí kan Gánà. Àmọ́ ara òun fúnra rẹ̀ àti agbo ilé rẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ so mọ́. Lẹ́yìn tó kú, ẹgbẹ́ náà kò tún rí bó ṣe rí mọ́.

Ọ̀nà míì ni Ìyá Níkẹ̀ẹ́ Davies-Okundaye gbà. Ọmọ Ògidì ní ìpínlẹ̀ Kogí ni wọ́n, iṣẹ́ àdìrẹ ni wọ́n ń ṣe. Lọ́dún 1983, wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní Òṣogbo, wọ́n ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ lọ́fẹ̀ẹ́, àwọn tó kọ́ṣẹ́ níbẹ̀ sì ń lọ dá tiwọn sílẹ̀. Èmi ò lè sọ pé mo mọ bí a ṣe ń ṣe gbogbo ìyẹn. Mo kàn rí i pé wọn ò fi ọgbọ́n náà pamọ́ sí ikùn ara wọn.

Ohun tí àwa ọ̀dọ́ wá ń bẹ̀bẹ̀ fún ni Sátidé mẹ́ta. Ẹ jẹ́ ká yan èèyàn mẹ́fà, méjì láti ìlú kọ̀ọ̀kan, ká kọ́ wọn bí a ṣe ń darí ẹgbẹ́ àṣà. A ò ní pe àjèjì. Akáǹtáńtì wà láàárín wa, ẹ wá fi ìwé owó hàn wọ́n. Lọ́yà wà, ẹ wá ṣàlàyé bí a ṣe ń forúkọ ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní CAC, torí ẹgbẹ́ tó bá ti forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀ gbọ́dọ̀ máa fi ìròyìn ránṣẹ́ lọ́dọọdún, bí kò tiẹ̀ pa èrè kankan. Àwọn àgbà tó mọ oríkì àti ìlù, ẹ̀yin náà ní Sátidé tiyín. Ẹni tí kò mọ ohun tí bàtá ń sọ, báwo ló ṣe fẹ́ darí ẹgbẹ́ bàtá? A tún fẹ́ kí ìpàdé gbogboogbò fọwọ́ sí i pé ọdún méjì ni alákòóso máa lò, kí igbákejì rẹ̀ ní ẹ̀dà gbogbo ìwé, kí èèyàn méjì máa buwọ́ lùwé ní báńkì. Òfin yẹn kan èmi náà, torí mo máa parí ní Yunifásítì, èmi náà á sì lọ wáṣẹ́.

Oúnjẹ ọ̀sán àti ìwé títẹ̀ nìkan la fẹ́ kí ẹgbẹ́ bá wa san. Ìpàdé gbogboogbò tó ń bọ̀ la máa gbé e kalẹ̀, ẹ dákun ẹ wá dìbò. Aṣọ òfì mẹ́jọ yẹn ńkọ́? Tó bá wà nínú àpótí yín, ẹ kàn gbé e wá sí ilé akápò. A ò ní béèrè ìbéèrè kankan.