Òṣùwọ̀n Tí A Ń Dúró Lé: Bí A Ṣe Ń Yàn Án àti Bí A Ṣe Ń Lò Ó Nínú Ilé

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lónìí kan ara olúkúlùkù wa. Ọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n ni, irú èyí tí ènìyàn ń gùn tí ojú rẹ̀ fi ń yí, tí kò lo iná, tí kò sì lo bátìrì. Inú ilé ìwẹ̀ ni àwọn òyìnbó máa ń gbé e sí. Àwa kò ní í gbé e síbẹ̀, ẹ ó sì gbọ́ ìdí rẹ̀ láìpẹ́.

Nígbà tí a bá lọ sílé fún Iléyá tàbí Kérésìmesì, kí àwọn ará ilé tó béèrè bí ọ̀nà ti rí, wọn a ti ké pé, "Háà, o mà rù o!" Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti rí wa, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi tètè mọ̀. Níbí ní agbègbè Àbújá, àwọn tí a jọ ń jí lójoojúmọ́ kò lè mọ̀. Ẹni tí ó ń rù díẹ̀díẹ̀, ojú aya rẹ̀ yóò ti mọ́ ọn lára bẹ́ẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ a kàn fa bẹ́líìtì sí ihò kejì, a ní iṣẹ́ ebè kíkọ ló fà á. Nígbà tí ara bá wá gbẹ tán, ọ̀rọ̀ àwọn ayé ni a óò máa sọ, owó iṣu ọdún náà a sì bá ọ̀rọ̀ ayé lọ. Àìtètè mólè, olè ń mú olóko. Òṣùwọ̀n kò lè wo àrùn sàn, kò sì lè dárúkọ àrùn. Ṣùgbọ́n ó lè sọ fún wa ní oṣù kejì ohun tí ojú kò ní í rí títí di oṣù kẹfà. Ìyẹn nìkan ti tó iṣẹ́ fún un.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo inú rẹ̀. Abẹ́ ibi tí a ń tẹ̀ ní àwọn ọ̀pá irin tí ó ti igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wá pàdé ara wọn. Àwọn ni wọ́n ń gba ìwúwo wa, tí wọ́n ń gbé e lọ sára sípíríǹgì. Sípíríǹgì a nà, bí ó bá sì ṣe nà tó ni àwo tí a kọ nọ́ńbà sí yóò ṣe yí tó. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà, ohun tí ó bá ba sípíríǹgì àti ọ̀pá wọ̀nyí jẹ́ ti ba òṣùwọ̀n jẹ́. Omi ilé ìwẹ̀ yóò mú kí ìpáàrà bò wọ́n. Àpò ajílẹ̀ oníkílò 50 tí a bá jù lé e lórí lójijì lè mú kí sípíríǹgì nà ju bí ó ti yẹ lọ, kó má sì padà sí ipò rẹ̀ mọ́. Yàrá gbígbẹ ni kí ẹ gbé e sí, lábẹ́ ibùsùn, kí àwọn ọmọ má baà sọ ọ́ di ibi ìfò.

Bí ẹ bá fẹ́ rà á, yálà ní ọjà Wuse tàbí ní ọjà Gwagwalada, ẹ má gba èyí tí wọ́n di sínú páálí kí ẹ sì máa lọ. Ẹ ní kí wọ́n tú u, kí wọ́n gbé e sórí ilẹ̀ sìmẹ́ńtì. Lórí kápẹ́ẹ̀tì, irọ́ ni yóò pa. Ẹ wò ó bóyá ojú rẹ̀ wà lórí òdo. Bí kò bá sí níbẹ̀, ohun kékeré kan wà létí rẹ̀ tí a fi ń yí i padà sí òdo. Èyí tí kò bá ní ohun yíyí yìí, ẹ má rà á. Lẹ́yìn náà ẹ gùn ún, ẹ kà á, ẹ sọ̀kalẹ̀, kí ẹ sì ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Bí ó bá sọ 64, tí ó tún sọ 64, tí ó wá sọ 67, ẹ dá a padà fún ọlọ́jà bó ti wù kó lẹ́wà tó. Bí ẹ bá sọ̀kalẹ̀ tí kò padà sí òdo, ẹ fi í sílẹ̀ fún un. Kí nọ́ńbà rẹ̀ tóbi tó fún ojú àgbàlagbà, kí ibi ìtẹ̀sí rẹ̀ má sì yọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gbé tó kílò 120 tàbí 130. Ẹni tí ó bá sanra gan-an nínú ilé yín ni kí ẹ fi wò ó.

Àwọn kan fẹ́ràn tòkunbọ̀ tí ó ti Ìlú Gẹ̀ẹ́sì wá. Kò burú, àmọ́ ẹ wo ojú rẹ̀ dáadáa. Òmíràn kò mọ kílò, sítóònù àti pọ́n-ùn ni ó ń kà. Pọ́n-ùn 14 ni sítóònù kan, ẹni tí ó bá sì jẹ́ sítóònù 10 yóò jẹ́ kílò 63 àti ààbọ̀. Kílò ni wọ́n ń kọ sínú káàdì ní gbogbo ilé ìwòsàn wa, nítorí náà ẹ ra ti kílò, kí ẹ má baà máa ṣe ìṣirò nígbà tí ara kò bá yá.

Ọ̀nà kan wà tí a lè fi dán an wò tí kò ná wa ní ohun púpọ̀. Àpò píọ̀ wọ́tà kan ní ọ̀rá 20 nínú, ọ̀rá kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìdajì lítà, gbogbo rẹ̀ jẹ́ lítà 10. Lítà omi kan sì wúwo tó kílò kan. Ẹ gun òṣùwọ̀n lọ́wọ́ òfo, ẹ kà á. Ẹ gbé àpò omi náà mọ́ra, ẹ tún kà á. Nǹkan bí kílò 10 ni ó yẹ kó fi lé. Bí ó bá fi 9 lé, ẹ fi omi ilé-iṣẹ́ mìíràn dán an wò kí ẹ tó dá òṣùwọ̀n lẹ́bi, torí pé kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń rọ omi ni ó ń rọ ọ́ kún! Bí ó bá fi 7 lé, òṣùwọ̀n ni ó ni ẹ̀bi.

Ní ti lílò rẹ̀, ilẹ̀ ni ìṣòro tí ó pọ̀ jù fún wa. Yàrá tí kò ní sìmẹ́ńtì kì í tẹ́jú. Ẹ wá pákó kan tí ó nípọn, tí ó fẹ̀ ju òṣùwọ̀n lọ, kí ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ títí tí kò fi ní í mì, kí ó sì máa jẹ́ ibì kan náà nígbà gbogbo. Òwúrọ̀ ló dára jù, lẹ́yìn ìtọ̀, ṣáájú oúnjẹ, láìwọ bàtà, pẹ̀lú aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Kí ẹsẹ̀ méjèèjì wà láàárín, kí a dúró jẹ́ẹ́, kí ẹlòmíràn bá wa kà á láti òkè gan-an. Ẹni tí ó bá ń wò ó láti ẹ̀gbẹ́ yóò ka nọ́ńbà mìíràn. Ẹ kọ ọjọ́ àti kílò náà sínú ìwé. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ tó. Ẹni tó bá ń gùn ún láràárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ yóò kàn dààmú ara rẹ̀ ni, nítorí ẹni tí ó mu lítà omi méjì ti fi kílò méjì kún ara rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, òógùn oko yóò sì gbé e lọ kí oòrùn tó wọ̀.

Nọ́ńbà kan ṣoṣo kò sọ nǹkan kan fún wa. Èyí tí a kọ tẹ̀lé ara wọn, lórí òṣùwọ̀n kan náà, ni ó ń sọ̀rọ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí àyà yín já bí ó bá wálẹ̀ díẹ̀ ní àsìkò òjò. Ní abúlé Keneba ní ilẹ̀ Gambia, níbi tí àwọn dókítà ti ń wọn àwọn àgbẹ̀ láti ọdún pípẹ́, wọ́n rí i pé àwọn obìnrin ń fọn nígbà òjò, nígbà tí iṣẹ́ oko pọ̀ tí abà sì ti ń ṣófo, tí ara wọn a sì padà bọ̀ sípò lẹ́yìn ìkórè. Èyí tí kò padà lẹ́yìn ìkórè ni kí a bẹ̀rù. Bí ẹni tí ó jẹ́ kílò 60 bá pàdánù kílò 3 láàárín oṣù mẹ́fà sí ọdún kan, tí kò sì pète rẹ̀, kí ó lọ sí ilé ìwòsàn. Bí ikọ́ bá ti wà pẹ̀lú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí ó béèrè àyẹ̀wò ikọ́ ife, tí a ń pè ní tíbì. Ọ̀fẹ́ ni ìtọ́jú rẹ̀ ní ilé ìwòsàn ìjọba. Bí òùngbẹ àti ìtọ̀ bá pọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò fún àtọ̀gbẹ, ìyẹn ìtọ̀ ṣúgà. Aláboyún tí ìwọ̀n rẹ̀ bá ṣàdédé fò sókè láàárín ọ̀sẹ̀ kan, tí ojú àti ọwọ́ rẹ̀ wú, tí orí ń fọ́ ọ, kí ó má dúró de ọjọ́ ìpàdé aláboyún. Kí ó lọ lọ́jọ́ náà gan-an. A mọ̀ pé láàárín wa, ìyìn ni kí ara obìnrin kún, ṣùgbọ́n irú kíkún báyìí kì í ṣe ti ìyìn.

Ọ̀rọ̀ ọmọ ọwọ́ ló kù. Ẹ̀yin ìyá máa ń gbé ọmọ gun òṣùwọ̀n, ẹ ó sì yọ ìwọ̀n tiyín kúrò: 62 pẹ̀lú ọmọ, 50 láìsí ọmọ, ẹ ní ọmọ jẹ́ 12. Òṣùwọ̀n tí a ń wí yìí kì í rí ohun tí kò tó kílò kan dáadáa. Bí ó bá ṣì ní ìdajì kílò lókè, tí ó tún ṣì ní ìdajì nísàlẹ̀, ọmọ náà lè jẹ́ 11, ó sì lè jẹ́ 13. Ọmọ oṣù méje kì í fi ìdajì kílò kún ara rẹ̀ láàárín oṣù kan, nítorí náà òṣùwọ̀n ilé kò lè mọ̀ bóyá ó ń dàgbà tàbí kò dàgbà. Èyí tí wọ́n ń so rọ̀ ní ilé ìwòsàn, tí wọ́n ń fi ṣòkòtò gbé ọmọ sí, ni ó lè rí i. Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ló sì ti kọ́ ọ̀pọ̀ ayé ní bí a ṣe ń lo irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ní ìparí àwọn ọdún 1950, Dókítà David Morley ti ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà bẹ̀rẹ̀ sí wọn àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ní Ìmẹ̀sí-Ilé. Ó ń fi àmì sára ìwé olójú-ọ̀nà kan lóṣooṣù, ìyá ọmọ ni ó sì ń tọ́jú ìwé náà sílé. Bí àmì náà bá dẹ́kun gígòkè, wọ́n ti mọ̀ kí ọmọ tó rù lójú. Káàdì tí ẹ ń gbà ní ilé ìwòsàn ní Kuje lónìí, ọmọ ìwé Ìmẹ̀sí-Ilé ni. Ẹ má jẹ́ kí òṣùwọ̀n ilé dí yín lọ́wọ́ láti gbé ọmọ lọ.

Ohun kan tún wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí tí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Oògùn ibà tí a ń lò jù nísinsìnyí, àpapọ̀ artemether àti lumefantrine, ìwọ̀n ara ni a fi ń pín in. Hóró kékeré oní 20 àti 120: ọmọ láti kílò 5 tí kò tó 15, hóró kan, láti 15 tí kò tó 25, méjì, láti 25 tí kò tó 35, mẹ́ta, láti 35 sókè, mẹ́rin, lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Ẹ wo bí ọmọ tí òṣùwọ̀n ilé pè ní 15 ṣe lè jẹ́ 14. Bí ìwọ̀n ọmọ bá ti sún mọ́ ààlà báyìí, kí nọ́ọ̀sì wọ̀n ọ́n kí ó tó sọ iye hóró, ẹ má sì dá a pín nílé.

Ẹ má fi òṣùwọ̀n yìí wọn ẹ̀gẹ́ tàbí àgbàdo tí ẹ fẹ́ tà. Òṣùwọ̀n ọjà ní òǹtẹ̀ ìjọba tirẹ̀, múdù sì wà fún ọlọ́jà. Ẹ má sì gbé ike oògùn apakòkòrò tàbí oògùn apakoríko lé e lórí, nítorí ibẹ̀ náà ni ọmọ yín yóò fi àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ̀ lọ́la.

Àwọn tí ó gbé òṣùwọ̀n tiwọn wá, ẹ gbé e wá síwájú lórí sìmẹ́ńtì níbí. Àpò omi mẹ́ta wà nílẹ̀, a óò dán wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan.