Orí Tó Farapa Kì Í Jọra: Ọ̀rọ̀ Akọ̀wé Níbi Àjọ̀dún Ẹgbẹ́ Wa



Wọ́n ní kí akọ̀wé sọ̀rọ̀ ìlera. Ẹ rántí pé méjì nínú wa ló jábọ́ lórí ọ̀kadà. Oníṣu ṣẹ̀jẹ̀ púpọ̀, wọ́n rán orí rẹ̀, kò pẹ́ tó fi padà sídìí ọjà. Aláṣọ kò ní ojú ọgbẹ́ kankan, a ní Ọlọ́run ṣeun. Àfi bó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí gbàgbé, tí ṣẹ́ńjì ń dà rú mọ́ ọn lọ́wọ́, tí ariwo ọjà ń bí i nínú, tí kò wá sípàdé mọ́. Àwa ìgbìmọ̀ bu owó ìtanràn lé e. Àwọn kan ní gbèsè ló ń sá fún. Ó dùn wá pé a ṣe é.

Dókítà rẹ̀ ló là wá lójú. Ọpọlọ rọ̀, agbárí tó yí i ká sì le. Bí orí bá gbá nǹkan, ọpọlọ lè mì, kó wú, tàbí kí ẹ̀jẹ̀ dà sínú, láìjẹ́ pé awọ orí ya rárá. Bó bá kan iwájú, ìwà lè yí padà. Bó bá kan ẹ̀gbẹ́, ìrántí tàbí ọ̀rọ̀ sísọ lè bà jẹ́. Bó bá kan ẹ̀yìn, ìríran ni. Máàkì kan wà tí àwọn dókítà máa ń fún aláìsàn, láti 3 dé 15. Glasgow ni wọ́n ti gbé e jáde ní 1974. Ó ń sọ bó ṣe le tó, kò lè sọ ohun tí olúkúlùkù máa nílò tó bá délé.

Ti aláṣọ wa, wọ́n ní kó máa kọ nǹkan sílẹ̀, kó tajà láàárọ̀ kí ariwo tó pọ̀, kó sinmi lọ́sàn-án. Ọmọ rẹ̀ ń bá a ka owó. A ti fagi lé ìtanràn yẹn, díẹ̀díẹ̀ ló sì ń san owó ẹgbẹ́.

Ẹni tó bá forí gbá, tó ń bì léraléra, tí orí ń fọ́ ọ sí i, tó ń sùn tí kò ṣe é jí, tí gìrì mú, tàbí tí omi ń jáde létí tàbí nímú rẹ̀, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn ńlá kíá, kódà kó jẹ́ ọjọ́ kejì. Ẹ má rọ agbo sí i lẹ́nu, ẹ má sì fa ọrùn rẹ̀.

Nípa àṣíborí, a mọ̀ pé gèlè lẹ máa fi dáhùn. Ẹ ká a sínú báàgì, ẹ wé e tẹ́ ẹ bá dọ́jà.

Aláṣọ wa wà níbí lónìí. Bó bá béèrè orúkọ yín lẹ́ẹ̀mejì, ẹ tún un sọ fún un.