Tìmì Lórí Ìtàgé: Bí Ìwé Ṣe Ń Di Eré Olórin
(Ọ̀rọ̀ tí a kà níwájú àpéjọ ọdọọdún Ẹgbẹ́ wa)



Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ wa mú àbá wá pé kí Ẹgbẹ́ náwó sí eré olórin kan nípa Tìmì Àgbàlé, ìpàdé pín sí méjì. Àwọn kan ní ó dára bẹ́ẹ̀. Àwọn kan sì fi ìbínú dáhùn pé eré ti ba baba wa jẹ́ tó. Pé gbogbo ayé ni ó ti rí i lórí ìtàgé bí wọ́n ti fi ọfọ̀ mú un sùn, tí wọ́n sì mú un lọ sí Ọ̀yọ́ bí ẹni tí kò ní apá. Àwa tí a yàn láti gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò kò fẹ́ fi ẹnu lásán dá a. A lọ wo bí àwọn tí ó ṣáájú wa ti ṣe mú ìwé tí wọ́n sì sọ ọ́ di eré àti orin: ohun tí wọ́n mú nínú rẹ̀, ohun tí wọ́n fi sílẹ̀, àti ohun tí ó kan Ẹdẹ níbẹ̀.

Iṣẹ́ náà kì í ṣe tuntun láàárín àwa Yorùbá. Ní oṣù kẹfà ọdún 1944 ni Hubert Ògúndé gbé eré Ọgbà Édẹ́nì (Édẹ́nì ni a wí o, kì í ṣe Ẹdẹ) sí orí ìtàgé ní Gbọ̀ngàn Glover ní Èkó, inú Bíbélì ni ó sì ti mú un. Ohun tí ìwé ń fi ojú ewé mẹ́wàá ṣàlàyé, orin kan ṣoṣo àti ẹsẹ̀ ijó mélòó kan ni òṣèré fi ń parí rẹ̀. Ṣùgbọ́n Bíbélì jẹ́ ìwé tí àwọn èrò ìwòran ti mọ̀ kí wọ́n tó wọlé jókòó. Ìwé ìtàn àròsọ ni ó le, nítorí pé ọ̀pọ̀ ẹni tí yóò wo eré náà kò kà á rí, wọn kò sì ní í kà á láéláé. Ohun tí òṣèré bá fi hàn wọ́n ni ìtàn náà lójú wọn.

Ẹ jẹ́ kí a wo Lánkẹ́ Ọ̀mùtí. Amos Tutùọlá, ọmọ Abẹ́òkúta, ni ó kọ ìwé The Palm-Wine Drinkard ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ilé-iṣẹ́ Faber and Faber sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní Lọ́ndọ̀nù ní 1952. Ìtàn ọkùnrin kan ni tí kò ní iṣẹ́ mìíràn ju ẹmu mímu lọ. Baba rẹ̀ fún un ní oko ọ̀pẹ tí igi inú rẹ̀ jẹ́ 560,000, ó sì bá a wá adẹ́mu kan tí ń dá ẹmu fún un láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ní ọjọ́ kan adẹ́mu já láti orí ọ̀pẹ, ó sì kú. Ọ̀mùtí kò rí adẹ́mu mìíràn tí ó tó o, ni ó bá gbéra, ó ń wá a lọ sí Ìlú Àwọn Òkú.

Ojú ọ̀nà yìí ni ó ti rí aya fẹ́. Ọmọbìnrin kan wà tí ó kọ ọkọ tí baba rẹ̀ fẹ́ fún un. Ní ọjọ́ ọjà, ó rí arẹwà ọkùnrin kan, ìfẹ́ rẹ̀ sì gbà á lọ́kàn tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi tẹ̀ lé e wọ inú igbó. Bí wọ́n ti ń lọ ni ọkùnrin náà ń dá ẹ̀yà ara tí ó yá padà fún àwọn olówó wọn, ẹsẹ̀ lọ, apá lọ, títí ó fi ku agbárí nìkan. Ọ̀mùtí ni ó wọ igbó lọ gbà á sílẹ̀, baba ọmọ sì fi í fún un. Láti ìgbà náà, àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ rin ìrìn àjò náà. Kò sí ẹni tí a tọ́ ní Ẹdẹ tí kò gbọ́ irú àlọ́ yìí rí lẹ́nu ìyá rẹ̀ lábẹ́ òṣùpá. Àwọn òyìnbó ka ìwé náà, wọ́n yìn ín. Púpọ̀ nínú àwọn ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ wa kà á, ojú sì tì wọ́n. Wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò gún, yóò sì sọ wá di ẹni ẹ̀sín lójú ayé.

Ní 1963 ni Kọ́lá Ògúnmọ́lá, ọmọ Òkèmẹsí tí ó fi Òṣogbo ṣe ibùjókòó, gbé ìtàn yìí sí orí ìtàgé ní Yunifásítì Ìbàdàn. Demas Nwoko ni ó ṣe ọnà ìtàgé àti aṣọ àwọn òṣèré. Ògúnmọ́lá dá ọ̀rọ̀ náà padà sí èdè Yorùbá, Gẹ̀ẹ́sì tí ń ti àwọn ọ̀mọ̀wé lójú sì pòórá. Bí ẹni pé ìtàn náà lọ sí ìdálẹ̀, ó sì padà wálé wá wọ aṣọ òkè. Ó fún akọni náà ní orúkọ pẹ̀lú. Nínú ìwé, ńṣe ni ó ń pe ara rẹ̀ ní Baba àwọn òrìṣà tí ó lè ṣe ohun gbogbo. Ṣùgbọ́n lórí ìtàgé, àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹni gbọ́dọ̀ rí orúkọ tí wọn yóò fi pe ènìyàn nínú orin, ni ó bá di Lánkẹ́. Kò tilẹ̀ kó gbogbo iwin àti ẹbọra inú ìwé wá, nítorí pé bí ó bá kó wọn wá, ilẹ̀ ì bá mọ́ bá àwọn èrò ìwòran lórí ìjókòó.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó ṣe ní òpin ni a jiyàn lé lórí fún ìgbà pípẹ́ nínú ìgbìmọ̀ wa. Nínú ìwé Tutùọlá, adẹ́mu ti kú ná. Ọ̀mùtí rí i ní Ìlú Àwọn Òkú, ó bẹ̀ ẹ́ kí ó bá òun lọ sílé, adẹ́mu sì sọ fún un pé òkú kì í bá alààyè gbé. Ẹyin kan ni ó fi fún un, ni ó sì padà lọ́wọ́ òfo bí a bá ní kí a sọ òtítọ́. Lórí ìtàgé, Lánkẹ́ ta jí, ó sì rí i pé àlá ni òun ń lá. Àwọn kan nínú wa fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n ní èrò gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rín lọ sílé. Ní tiwa, a rò pé ó gba ìbànújẹ́ náà lọ́wọ́ wa pẹ̀lú. Síbẹ̀, ẹ̀tọ́ Ògúnmọ́lá ni láti yàn án bẹ́ẹ̀, eré rẹ̀ sì rìn jìnnà. Ní 1969 ó dé Algiers níbi àjọ̀dún àṣà gbogbo Áfíríkà. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí adẹ́mu kú pátápátá, ìwé Tutùọlá ṣì wà lórí àtẹ.

Ọ̀rọ̀ ìwé tí ó ṣì wà lórí àtẹ yìí ni kí a dì mú bí a ti ń bọ̀ nílé, nítorí pé ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ Tìmì ti yàtọ̀.

Ní 1962 ni a dá Mbárí Mbáyọ̀ sílẹ̀ ní Òṣogbo, Dúró Ládípọ̀ àti Ulli Beier sì wà nídìí rẹ̀. Ulli Beier kan náà yìí ti gbé Ẹdẹ wa níhìn-ín ní àárín ọdún 1950 sí 1959, kí ó tó lọ sí Ìlobùú àti Òṣogbo. Ọdún kan lẹ́yìn rẹ̀, ní 1963, ni Ládípọ̀ gbé Ọba Kò So jáde. Kì í ṣe ìtàn àròsọ ni ó mú un nínú rẹ̀, bí kò ṣe ìwé ìtàn Yorùbá tí Àlùfáà Samuel Johnson kọ tán ní 1897, tí a sì tẹ̀ jáde ní 1921. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tí Ògúnmọ́lá fi mú àròsọ ni Ládípọ̀ fi mú ìtàn. Ìtàn tí a kọ sílẹ̀ sọ pé Aláàfin Kórì ni ó rán Tìmì Àgbàlé Ọlọ́fà-iná wá sí Ẹdẹ, kí ó lè ṣọ́ ọ̀nà àwọn oníṣòwò Ọ̀yọ́. Ládípọ̀ gbé Tìmì kúrò ní ìgbà Kórì, ó gbé e sí ìgbà Ṣàngó, nítorí pé Ṣàngó ni ó fẹ́ kọrin rẹ̀. Nínú eré náà, ogun Tìmì àti Gbọ̀nkáà ti sú àwọn ará ìlú; Ọya gba ọba nímọ̀ràn; a rán Tìmì sí Ẹdẹ kí ó lè kú síbẹ̀; kò kú, ọfà iná rẹ̀ fi ìdí ìlú múlẹ̀; a wá rán Gbọ̀nkáà pé kí ó lọ mú un. Ọfọ̀ ni Gbọ̀nkáà fi sọ̀rọ̀, oorun sì gbé Tìmì lọ. Nígbà tí wọ́n tún jà ní Ọ̀yọ́, Tìmì kú.

Ohun tí ń dun àwọn àgbà wa nìyí, a kò sì lè sọ pé kò yẹ kí ó dùn wọ́n. Eré náà dé Berlin ní 1964, ó dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1965 níbi àjọ̀dún àwọn orílẹ̀-èdè Kọmọnwẹ́lìtì. Àwọn ènìyàn tí kò mọ̀ pé Ẹdẹ wà lórí ilẹ̀ ayé gbọ́ orúkọ rẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo eré náà dáadáa. Kí ni ìdí tí Gbọ̀nkáà fi nílò ọfọ̀? Nítorí pé apá kò ká Tìmì lójú ogun ni. Bí a bá yọ Ẹdẹ kúrò nínú Ọba Kò So, ìjà kò sí mọ́, ìbẹ̀rù ọba kò sí mọ́, eré tán. Ládípọ̀ kò bú wa. Ẹnìkan ni ó fi ìtàn rẹ̀ ṣe, àwa ni kò fi tiwa ṣe nǹkan. Ẹni tí ó bá wo Lánkẹ́ tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn lè lọ ka Tutùọlá. Ẹni tí Tìmì ti Ọba Kò So kò tẹ́ lọ́rùn, ìwé wo ni yóò kà tí ọmọ Ẹdẹ kọ, eré wo ni yóò wò tí ọmọ Ẹdẹ ṣe?

Bẹ́ẹ̀ ni a kì í ṣe ìlú tí kò mọ eré. Ulli Beier ròyìn ohun tí ó rí níbi ọdún Ọbàtálá ní Ẹdẹ ní ìgbà náà. Ajagẹmọ, àwòrò Ọbàtálá, jáde ní gbangba, òun àti àwòrò mìíràn ja ìjà àfarawé, wọ́n ṣẹ́gun Ajagẹmọ, wọ́n sì gbé e lọ ní ìgbèkùn. Ta ni ó wá rà á padà? Tìmì ni. Ọba Ẹdẹ ni ó san owó ìràpadà, tí inú ìlú sì dùn. Nígbà tí a gbé èyí sí ẹ̀gbẹ́ Ọba Kò So, ọ̀rọ̀ náà yé wa. Lórí ìtàgé Òṣogbo, Tìmì ni a mú ní ìgbèkùn. Nínú eré tí ìlú wa fúnra rẹ̀ ń ṣe, Tìmì ni ó ń gba ẹni tí ó wà ní ìgbèkùn sílẹ̀. Ayé gbọ́ ti àkọ́kọ́ nítorí pé ó wọ ọkọ̀, ó sì wọ ọkọ̀ òfuurufú. Èkejì kò kúrò ní Ẹdẹ.

A mọ̀ pé àwọn mìíràn yóò sọ pé ọ̀rọ̀ òrìṣà ni èyí, mùsùlùmí àti kìrìsìtẹ́nì sì ni ọ̀pọ̀ wa. A kò ní kí ẹnikẹ́ni bọ nǹkan kan. Ọba John Adétóyèṣe Láoyè Kìíní, tí ó jọba láti 1946 títí di 1975, mọ ìlù lù bí àyàn, ó sì kọ̀wé lórí ìlù Yorùbá sínú ìwé ìròyìn Odù ní 1959. Adé kò bọ́ lórí rẹ̀ nítorí pé ó gbé dùndún kọ́ apá. Bí ó bá sì jẹ́ ìtàn mùsùlùmí ni a ń wá, ta ni ó sọ pé a kò lè ṣe eré Tìmì Àbíbù Lágúnjú, ọba mùsùlùmí tí ó jẹ ní Ẹdẹ láàárín ọdún 1800 sí 1900? Ìyẹn lè di ti ọdún mìíràn.

Nítorí náà, ìgbìmọ̀ wa fara mọ́ àbá àwọn ọ̀dọ́, ṣùgbọ́n a fẹ́ kí iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí kò wu ẹnikẹ́ni nínú wọn, èyíinì ni orí ìwé kíkọ. Kí a má ṣe ya aṣọ kankan, kí a má sì háyà gbọ̀ngàn, kí a tó kọ ìtàn Tìmì Àgbàlé sílẹ̀ ní Yorùbá bí a ti ń sọ ọ́ ní agbo ilé kọ̀ọ̀kan. Bí agbo ilé méjì bá takora, kí a kọ méjèèjì sílẹ̀. Ẹni tí yóò ṣe eré ni yóò yàn. Ibi oorun náà, kí a má ṣe yọ ọ́ nítorí ìtìjú. Kí àwọn ọ̀dọ́ rò ó bí wọ́n ti lè kọrin rẹ̀ tí èrò yóò fi mọ irú ọkùnrin tí oorun gbé lọ. Kí ìlù sì máa sọ̀rọ̀ gidi nínú eré náà, kì í ṣe kí ó máa dún lẹ́yìn akọrin lásán.

A bẹ ẹ̀yin tí ẹ wà ní Lọ́ndọ̀nù, ní Amẹ́ríkà àti níbòmíràn pé bí ẹ bá ní fọ́tò, téèpù tàbí ìwé àtijọ́ kankan tí ó kan ọ̀rọ̀ yìí, kí ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí akọ̀wé Ẹgbẹ́. Ẹ̀dà kan nínú ìwé tí a bá kọ yóò wà ní ààfin, a óò sì fi òmíràn ránṣẹ́ sí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan kí àwọn ọmọ tí a bí sí ìdálẹ̀ lè rí i kà. Àwọn onílù ni a óò kọ́kọ́ lọ bẹ̀ wò, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú oríkì àwọn Tìmì, ọwọ́ wọn nìkan ni ó kù sí, àwọn tí ó gbọ́ ọ yé nínú wọn sì ti dàgbà.