Ẹ̀yìn Dídùn Tó Ń Lọ Tó Ń Bọ̀

 

Gbogbo Yorùbá ló mọ̀ pé jagunjagun Ìkòyí kì í sá fún ogun. Iwájú ni ọfà ti í bá a. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ orí tí a dé yìí, ẹ̀yìn ni ogun tiwa ti ń wá. Ẹni tó ń roko kòkó, ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ti agbada dòdò ní Ìkirè, ẹni tó ń gun ọ̀kadà lọ sí Àpòmù, ohùn kan náà ni: "Ẹ̀yìn yìí tún ti dé." Oko tí a bá sì pa tì nítorí ẹ̀yìn, owó ilé ìwé ọmọ ló ń lọ níbẹ̀. Kì í ṣe àwa nìkan. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ní ọdún 2020, ènìyàn mílíọ̀nù 619 ni ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn ń dùn káàkiri ayé.

Àwa a máa sọ pé jẹ̀díjẹ̀dí ni, pé ohun dídùn ló fà á, a ó sì ra àgbo. Ṣùgbọ́n lára ọ̀pọ̀ ènìyàn, kò sí àrùn kan pàtó tí a lè nawọ́ sí. Iṣan, oríkèé àti ohun rírọ̀ tó wà láàárín eegun ìsàlẹ̀ ọ̀pá ẹ̀yìn ló ń bínú, nígbà tí a bá bẹ̀rẹ̀ pẹ́ jù, tí a gbé ẹrù lójijì, tí oorun kò tó, tàbí tí ọkàn kò balẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ó sábà máa ń rọlẹ̀. Ó sì tún lè padà. Pé ó padà kò fi hàn pé eegun ti bàjẹ́ sí i.

Ìbẹ̀rù ló ń dá kún un. Bí ẹ̀yìn bá dùn, a ó dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Agbára iṣan á dínkù. Ọjọ́ tí a bá padà sóko, iṣẹ́ tó rọrùn tẹ́lẹ̀ á ti wúwo jù, ìrora á sì tún dé. Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká máa rìn, ká máa ṣe ìwọ̀nba iṣẹ́, ká máa nàró lẹ́yìn ebè díẹ̀, ká súnmọ́ ẹrù dáadáa kí a tó gbé e, ká pín èyí tó bá wúwo sí méjì. Oògùn ara ríro tí a ń lò lójoojúmọ́ láìsí àṣẹ dókítà lè dá egbò sí inú, ó sì lè ba kíndìnrín jẹ́.

Àwọn àmì kan wà tí kò ṣeé fi ṣeré: bí ẹsẹ̀ bá ń rọ, bí abẹ́ kò bá mọ ìfọwọ́kàn mọ́, bí a kò bá lè tọ̀ tàbí tí a kò lè mú ìtọ̀ àti ìgbẹ́ dúró, bí ibà tàbí rírù bá bá a rìn, tàbí bó bá jẹ́ pé a ṣubú. Ẹ má dúró de àgbo, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ.

Ẹgbẹ́ tó pé ọdún mẹ́wàá ti mọ bí a ṣe ń ran ara ẹni lọ́wọ́. Bí ẹ̀yìn ẹnì kan bá ń dùn, ẹ má pè é ní ọ̀lẹ. Ẹ bá a gbé apá kan ẹrù rẹ̀, kí ẹ sì pè é jáde kó bá yín rìn.

Ọlọ́run yóò fún wa ní ara líle.