Ẹgbẹ́ Tí Ọ̀rẹ́ Méje Dá Sílẹ̀
Ọ̀rọ̀ ìyànjú fún àwọn ọ̀dọ́ Mùsùlùmí ilẹ̀ Yewa

  

Lọ́dọọdún ni àwọn ọmọ tuntun ń wọ Pọlitẹ́kíníìkì Ìjọba Àpapọ̀ ní Ìlarò, èyí tí a dá sílẹ̀ ní 1979, àti ọgbà Yunifásítì Olábísí Ọnàbánjọ ní Ayétòrò, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tí ì gbé láàárín àjèjì rí. Owó oúnjẹ kò tó, yàrá ṣòro í rí, ojúlùmọ̀ kò sí. Nírú àkókò bẹ́ẹ̀ ni ẹnìkan yóò yọ sí ọmọ náà tẹ̀rín-tẹ̀rín, yóò ra oúnjẹ fún un, yóò sì sọ fún un pé ẹgbẹ́ kan wà tí kì í jẹ́ kí ìyà jẹ ọmọ rẹ̀. Ó yẹ kí ọ̀dọ́ mọ ibi tí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ti ṣẹ̀ wá kí ó tó dá onítọ̀hún lóhùn.

Ní 1952, ní Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn, ọ̀rẹ́ méje kó ara wọn jọ, wọ́n dá ẹgbẹ́ Pyrates sílẹ̀. Àwọn náà ni Wọlé Ṣóyínká, Ralph Opara, Pius Oleghe, Ikpehare Aig-Imoukhuede, Nathaniel Oyelola, Olumuyiwa Awe àti Sylvanus Egbuche. Wọn kò kó ara wọn jọ láti pa ènìyàn tàbí láti jalè. Ohun tí ó ń bí wọn nínú ni pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ wọn ń ṣe bí òyìnbó amúnisìn, pé ọmọ ọlọ́lá ń fojú tín-ín-rín ọmọ tálákà, àti pé ẹ̀yà kan ń yẹra fún ẹ̀yà kejì. Ẹni tí ó bá gbọ́ ìdí yìí kò lè sọ pé ó burú.

Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ a máa pẹ́ láyé ju èrò ọkàn àwọn tí ó dá a sílẹ̀ lọ. Ní 1972, àwọn kan yapa kúrò, wọ́n dá ẹgbẹ́ Buccaneers sílẹ̀. Àwọn mìíràn tún gbèrú, títí wọ́n fi kún ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Orúkọ àdàpè, ìbúra àti ìpàdé òru tí àwọn ti ìṣáájú fi ṣe àwàdà di ohun ìjà lọ́wọ́ àwọn tí kò bá ẹnikẹ́ni ṣàwàdà. Ní 1984, àwọn àgbà Pyrates fúnra wọn kéde pé àwọn ti kó ẹgbẹ́ àwọn kúrò nínú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́. Ní 1989, ìjọba ológun ṣe òfin láti fi ká àwọn ẹgbẹ́ òkùnkùn lọ́wọ́ kò. Síbẹ̀, ní òru ọjọ́ 10 oṣù Keje, 1999, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn ya wọ ilé ibùgbé akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Ilé-Ifẹ̀. Wọ́n pa akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún, akọ̀wé àgbà ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ sì wà lára wọn.

Kí ni ó ba nǹkan jẹ́ tó bẹ́ẹ̀? Ohun mẹ́ta ni.

Èkínní ni ìkọ̀kọ̀. Ará Yewa kò ṣàì mọ èyí, nítorí ẹnubodè ni ilẹ̀ wọn: ẹrù tí kò ní àléébù kì í gba ọ̀nà ẹ̀bùrú. Ẹgbẹ́ tí kò lè ṣe ìpàdé lójú ọ̀sán, tí òbí àti olùkọ́ kò gbọdọ̀ mọ̀, kò ní ẹni tí yóò bá a wí nígbà tí ó bá ṣìnà. Amòòkùn-jalè, bí ọba ayé kò rí i, ti ọ̀run ń wò ó.

Èkejì ni ìmùlẹ̀. Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun ti kọ́ wa pé ẹni tí yóò bá búra, kí ó fi Ọlọ́hun búra, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí ó dákẹ́. Wọn a máa dẹ́rù ba ọmọ pé ọ̀dàlẹ̀ a máa bá ilẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ìbúra lórí ẹ̀ṣẹ̀ kì í de Mùsùlùmí. Ìrònúpìwàdà ni ó tọ́ sí i, kì í ṣe ìmúṣẹ.

Ẹ̀kẹta ni gbígbè ara ẹni lẹ́yìn láìwo ti òdodo. Nínú Súrà Al-Mā'idah, áàyà kejì, Ọlọ́hun pàṣẹ ìrànlọ́wọ́ lórí iṣẹ́ rere àti ìpayà Rẹ̀, Ó sì kọ ìrànlọ́wọ́ lórí ẹ̀ṣẹ̀ àti ìtayọ ẹnu-ààlà. Nígbà tí Ànábì sọ pé kí Mùsùlùmí ran ọmọ ìyá rẹ̀ lọ́wọ́, ìbáà ṣe alábòsí, àwọn sàábé béèrè bí yóò ti rí bẹ́ẹ̀. Ó ṣàlàyé pé dídá a lọ́wọ́ kọ́ kúrò nínú àbòsí ni ìrànlọ́wọ́ rẹ̀.

Kì í ṣe pé Ìsìláàmù kọ ẹgbẹ́. Igi kan kì í dá igbó ṣe. Kí Ànábì tó gba iṣẹ́ ìjíṣẹ́, ọlọ́jà kan láti ilẹ̀ Yemen ta ọjà ní Mẹ́kà, ẹni tí ó rà á jẹ́ alágbára, ó sì kọ̀ láti sanwó. Àwọn ènìyàn díẹ̀ péjọ ní ilé Abdullah ọmọ Jud'an, wọ́n fi Ọlọ́hun búra pé àwọn yóò dúró ti ẹni tí a bá rẹ́ jẹ, wọ́n sì gba ẹ̀tọ́ àjèjì náà fún un. Hilf al-Fudul ni à ń pe májẹ̀mú náà. Ànábì wà níbẹ̀ ní ọ̀dọ́, ó sì sọ lẹ́yìn ìgbà tí Ìsìláàmù dé pé bí a bá tún pe òun sí irú rẹ̀, òun yóò jẹ́ ìpè náà.

Ní ilẹ̀ wa níhìn-ín pẹ̀lú, ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹrin, 1954, ọdún méjì péré lẹ́yìn ti Ìbàdàn, àwọn ọmọ ilé-ìwé mélòó kan ní Èkó dá Ẹgbẹ́ Akẹ́kọ̀ọ́ Mùsùlùmí Nàìjíríà sílẹ̀. Lateef Adégbìtè, ọmọ Abẹ́òkúta tí ó ń kàwé ní King's College, ni ààrẹ àkọ́kọ́. Ìṣòro tiwọn náà kò kéré: ọ̀pọ̀ ọmọ Mùsùlùmí ni ó ń sọ ìrun àti orúkọ rẹ̀ nù ní ilé-ìwé ìjọ Kìrìsìtẹ́nì. Wọn kò mulẹ̀, wọn kò sì pa orúkọ ara wọn mọ́. Wọ́n pe àwọn àgbà sí i, wọ́n sì ṣe é ní gbangba. Adégbìtè di amòfin, ó sì di akọ̀wé àgbà Ìgbìmọ̀ Gíga fún Ọ̀rọ̀ Ìsìláàmù ní Nàìjíríà kí ó tó kú ní 2012. Ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ wà títí di òní, ìyá sì lè fi ọmọ rẹ̀ lé e lọ́wọ́ láìbẹ̀rù.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá pe ọ̀dọ́ sí ẹgbẹ́, kí ó béèrè mẹ́ta: Ǹjẹ́ bàbá àti ìyá mi lè gbọ́ nípa rẹ̀? Kí ni a ó fi búra? Bí mo bá fẹ́ kúrò lọ́la, ǹjẹ́ n ó lè kúrò ní àlàáfíà?

Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà fún àwọn tí ó ti wà nínú ẹgbẹ́ Mùsùlùmí náà. Ta ni ó kọ́kọ́ kan ilẹ̀kùn ọmọ tuntun ní Ìlarò àti ní Ayétòrò? Bí ó bá jẹ́ pé ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn ni ó kọ́kọ́ fún un ní oúnjẹ, tí ọmọ mọ́sálásí kàn ń bá a wí nípa aṣọ tí ó wọ̀, ta ni ó fà á sínú òkùnkùn? Kí a wá yàrá fún wọn, kí a yá wọn ní ìwé, kí a bẹ̀ wọ́n wò nígbà àìsàn. Ẹni tí ó sì ti kó sínú wọn, kí a má ṣe fi í ṣẹ̀sín. Kí a mú un lọ bá òbí àti àwọn aláṣẹ ní ìkẹ́, nítorí ilẹ̀kùn ìrònúpìwàdà kò tí ì tì.

Kí Ọlọ́hun ṣọ́ àwọn ọmọ wa, kí Ó fi wá ṣe ọ̀rẹ́ tí ń fa ara wọn sí ọ̀nà Rẹ̀. Àmín.